Olóyè Tó Gbé Àtúnlò Sórí Òṣùwọ̀n

Ọ̀gá kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́dún 1997, orúkọ rẹ̀ ni Zacchaeus Kọ́lápọ̀.

Ẹ dákun, mo ti ṣàṣìṣe. Ká ní mo pe orúkọ náà ní ìhòòhò báyìí níṣojú rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, wọn ì bá ti kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Orúkọ rẹ̀ ni Olóyè Dókítà Díákónì Zacchaeus Kọ́lápọ̀, JP, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Àjọ Lẹ́tà Àwọn Òṣìṣẹ́. Ìjọ kan ní Amẹ́ríkà, tí kò ní ilé tí kò lójúde, àfi àpótí lẹ́tà, ló fún un ní Dókítà. Ìlú ìyàwó rẹ̀ ló ti joyè, lẹ́yìn tó ra jẹnẹrétọ̀ fún ààfin. Ti Díákónì yẹn ni mi ò mọ ibi tó ti wá, torí inú mọ́tò ló máa ń sùn sí bí wọ́n bá ń wàásù lọ́wọ́.

Iṣẹ́ àjọ yìí kò le rárá. Bí ìjọba bá gbé òṣìṣẹ́ kan ga, bí òmíràn bá fẹ́ lọ sinmi, bí òmíràn bá fẹ̀yìn tì, kọ̀ǹpútà àjọ ló ń tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde, Kọmíṣọ́nnà á sì buwọ́ lù ú. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni wọ́n ní. Yàrá tí wọ́n kó wọn sí tutù ju ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà lọ, ohun tó sì ń dun Olóyè jù láyé nìyẹn.

Láràárọ̀, ní aago mẹ́sàn-án, gbogbo òṣìṣẹ́ a tò sórí àtẹ̀gùn láti kí i káàbọ̀. Simeon, igbákejì rẹ̀, a wà nísàlẹ̀ pátápátá láti gba báàgì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Simeon fún yín. Ọkùnrin yìí lè yin èèyàn títí ojú á fi máa ti ẹni tí wọ́n ń yìn. Ojú kì í ṣá ti Olóyè.

“Ọ̀gá mi sà! Oòrùn Ẹ̀gbẹ́dá!”

“Simeon, ṣé oòrùn náà ti yọ?”

“Ẹ̀yin ló ń dúró dè, sà. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ láti yọ kí ẹ tó dé ni?”

Olóyè a gbójú sókè wo ojú ọ̀run bóyá òótọ́ ni, a sì mi orí. Ó gbà á gbọ́ o! Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, a ò tíì débi ẹ̀rín.

Ẹni kan ṣoṣo ni kì í tò sórí àtẹ̀gùn, Sìkírátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, torí pé ní aago mẹ́sàn-án, iṣẹ́ ló máa ń ṣe. Òun ló ń kọ kóòdù. Kóòdù kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Kọ̀ǹpútà ò ní ọgbọ́n kankan fúnra rẹ̀. Èèyàn ló ń kọ ọ́ fún un ní ìlà ní ìlà pé ṣe báyìí, ṣe báyìí. Àwọn ìlà yẹn ni kóòdù, bí wọ́n bá sì pé tó láti ṣe odindi iṣẹ́ kan, a di ètò. Irú lẹ́tà méjìlá ni àjọ ń tẹ̀, ètò méjìlá ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà ló ń fẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ àti iye ọdún tó ti lò. Kí ni Sìkírátù wá ṣe? Ó kọ èyí tó ń wá orúkọ àti ọdún jáde lẹ́ẹ̀kan péré, ogójì ìlà, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí kò fi ní àbùkù kankan, ó wá gbé e sójú kan. Ètò méjèèjìlá a wá lò ó níbẹ̀, bí àwọn àyálégbé ṣe ń pọnmi nínú kànga kan náà. Nígbà tó ṣe tán, ó jókòó, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kó ní fúláàtì ìjọba ní Gowon Estate. Òun àti ọmọ rẹ̀ méjì ló ń gbébẹ̀, àti ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù Ìgándò ti mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹni tí wọ́n bá lé lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un láti kó jáde nínú fúláàtì. Kò sí ibòmíì tí Sìkírátù lè kó ìyá àti ọmọ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ó wá ṣe, ìjọba rán Olóyè lọ sí London fún ìpàdé ọlọ́jọ́ márùn-ún lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ra bàtà. Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò lé e wọ inú gbọ̀ngàn, ó sì bá òyìnbó kan níbi tó ti ń sọ pé ẹni tó bá ń tún kóòdù tó wà nílẹ̀ lò, dípò kó máa kọ tuntun lójoojúmọ́, èrè ńlá wà níbẹ̀ fún un, àti pé ó yẹ kéèyàn máa wọn èrè náà kó lè mọ bó ṣe tó. Bí òyìnbó ṣe fẹ́ máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, òjò dá. Olóyè bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà dé, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó gun orí àga.

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi! Mo ti òkè òkun dé, mi ò sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo mú ọ̀rọ̀ kan bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbowó ẹrù lé e lórí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú!”

Simeon pàtẹ́wọ́.

“Ọ̀rọ̀ náà ni àtúnlò! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ kóòdù tuntun mọ́ nínú àjọ yìí. Èyí tó wà nílẹ̀ ni ká máa lò, ká tún un lò, ká tún àtúnlò rẹ̀ lò! Tuntun ti di ohun àtijọ́! Bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni màá máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n mọ ẹni tó ń túnlò àti ẹni tí kò túnlò!”

Simeon pàtẹ́wọ́ débi pé aago ọwọ́ rẹ̀ já.

Sìkírátù nawọ́ sókè. “Ẹ dákun sà, báwo la ṣe máa wọ̀n ọ́n? Bí mo bá kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, tí ètò méjìlá sì ń lò ó, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kà á ni àbí ẹ̀ẹ̀méjìlá?”

“Ibo ló wà?”

“Ibì kan náà ni, sà.”

“Ibì kan!” Olóyè yíjú sí Simeon. “Ṣé o gbọ́? Àtúnlò tirẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló wà! Mo dé òkè òkun, gbogbo ibi tí mo yíjú sí ni nǹkan wà níbẹ̀. Àtúnlò téèyàn ò lè rí káàkiri, ṣé àtúnlò nìyẹn?”

“Ìwà ahun ni, sà,” ni Simeon wí.

Bí wọ́n ṣe fòfin de ogójì ìlà Sìkírátù nìyẹn o. Olóyè ní kí olúkúlùkù lọ da gbogbo ohun tó bá fẹ́ lò kọ síbi tó ti fẹ́ lò ó. Bí Olóyè ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ojú rẹ̀ bọ́ sára kọ̀ǹpútà kan. Ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Lágbájá”. Orúkọ àpẹẹrẹ ni. Wọ́n fi sínú gbogbo ètò láti fi dán lẹ́tà wò, òun ni ẹ̀rọ á sì kọ bí kò bá rí orúkọ gidi tí wọ́n fún un.

“Ta ni Lágbájá?” Olóyè bú ramúramù. “Ìpele kelòó ló wà? Kọ̀ǹpútà ìjọba ń kọ orúkọ ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orúkọ tèmi ò sì sí níbẹ̀?”

“Èèwọ̀ ni, sà!” ni Simeon wí. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti yọ Lágbájá kúrò, ó sì ti fi Olóyè Dókítà Díákónì Zacchaeus Kọ́lápọ̀, JP, rọ́pò rẹ̀ nínú gbogbo ètò. Inú Olóyè dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún òun mú lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ wá ku bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Olóyè fi rò ó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé bá òun, àfi oúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jáde.

“Ẹ tẹ gbogbo kóòdù sórí bébà. A máa gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí tiẹ̀ bá wúwo jù ló túnlò jù.”

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi láyé yìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣùgbọ́n pé kí wọ́n wọn kóòdù ní kílò! Ibo ni wọ́n ti ń gba irú orí bẹ́ẹ̀?

Simeon sáré lọ sí Ìgándò, ó lọ mú Múdàṣírù wá. Múdàṣírù ló ń ra irin, ìgò àti ike àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn. Ó ní òṣùwọ̀n ńlá kan tí wọ́n ń so kọ́. Ọ̀kadà ló gùn wá, òṣùwọ̀n lórí itan. Olóyè fi káàdì kan kọ́ ọ láyà, tí wọ́n kọ “Olùdámọ̀ràn Pàtàkì” sí.

Múdàṣírù so òṣùwọ̀n mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó nuwọ́. “Alàgbà, kí la fẹ́ wọ̀n?”

“Àtúnlò.”

“Áà, iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Kí ni àtúnlò ọ̀hún ti gbà yín lọ́wọ́ ṣíṣe lẹ́ẹ̀kejì?”

“Mo ní kí o wọ̀n ọ́n, o ń bi mí léèrè!”

“Alàgbà, ẹ máà bínú. Bí mo bá rí kẹ́ẹ̀gì epo lórí ààtàn, tí mo fọ̀ ọ́, tí ẹnì kan wá ń fi pọnmi, mi kì í wo bó ṣe wúwo sí. Kẹ́ẹ̀gì tuntun tí onítọ̀hún ò wá kiri mọ́, ibẹ̀ lèrè wà. Irin tí wọ́n bá fẹ́ lọ yọ́ nìkan ni mò ń wọ̀n.”

Sìkírátù, tó dúró lẹ́yìn, kò mọ ìgbà tó sọ pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.”

“Ta ló bi ọ́ ní ìmọ̀ràn?” Olóyè jágbe mọ́ Múdàṣírù.

Múdàṣírù wo káàdì tó wà láyà rẹ̀. Ó di òṣùwọ̀n rẹ̀ mú.

Simeon ló kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba: ẹ mú ti ọdún tó kọjá nínú fáìlì, ẹ pààrọ̀ déètì, ẹ fi ránṣẹ́. Ohun tí Simeon fi ṣe kóòdù náà nìyẹn. Ó wá ètò tó gùn jù, ìyẹn ti lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ó dà á kọ odindi sórí ti ìgbéga, sórí ti ìsinmi, sórí ti ìyípòpadà, ó tún padà wá dà á kọ sínú ara rẹ̀. Ojú ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló dà á kọ sí. Kò ka ìlà kan níbẹ̀. Àkọlé nìkan ló ń pààrọ̀, ìyẹn náà bó bá rántí.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé bébà rẹ̀. Òṣùwọ̀n ké.

“Kílò mọ́kànléláàádọ́rin,” ni Múdàṣírù wí.

Olóyè dì mọ́ Simeon, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ọ̀já àrán aláwọ̀ ewé kan kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì fi í jẹ Ọba Alátúnlò ti Àjọ Lẹ́tà.

Nígbà tó kan Sìkírátù, ó mú bébà mẹ́ta wá. Wọ́n so ó kọ́. Ọwọ́ òṣùwọ̀n ò mira. Múdàṣírù fi ìka ta á, bóyá ó há ni. Kò há.

“Òdo!” Olóyè kígbe. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Ọdún mẹ́sàn-án tí obìnrin yìí fi jókòó síbí, òdo!”

Ó dun Sìkírátù wọ egungun. Ó kó bébà mẹ́ta rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́.

Olóyè ò jẹ́ kó tutù. Ó kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nnà pé kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀ wá fojú rí ohun tí irú rẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí: ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbé ga, gbogbo lẹ́tà wọn ni àtúnlò máa tẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, kí Kọmíṣọ́nnà sì buwọ́ lù wọ́n lójú gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Sìkírátù yẹ ètò ìgbéga tí Simeon fẹ́ lò wò. Àkọlé nìkan ni Simeon yí padà, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ṣì ni gbogbo inú rẹ̀. Èyí tó tún burú jù, ibi tó yẹ kí ètò ti lọ wá orúkọ ti di òfìfo, torí pé inú ogójì ìlà tí Olóyè fòfin dè ló wà. Ẹ̀rọ ò ní rí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà rántí orúkọ tó máa ń kọ bí kò bá rí orúkọ.

Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Títí, akọ̀wé Olóyè, jẹ́ kó wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má lo ètò Simeon lọ́jọ́ Jímọ̀. Orúkọ yín ló máa kọ sórí gbogbo lẹ́tà.”

Olóyè gbé jígí ojú rẹ̀ kúrò. “Orúkọ tèmi? Sórí gbogbo rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí ló wá burú níbẹ̀?”

“Sà, lẹ́tà yẹn ń sọ pé…”

“Mo ti mọ̀ ọ́! Ìlara ni! Simeon ní kílò mọ́kànléláàádọ́rin, ìwọ ní òdo, o wá fẹ́ ba ọjọ́ ayẹyẹ mi jẹ́. Simeon! Tẹ lẹ́tà ìlékúrò-lẹ́nu-iṣẹ́ fún obìnrin yìí. Ọ̀tá àtúnlò ni. Fi sábẹ́ àwọn lẹ́tà ìgbéga, kí Kọmíṣọ́nnà buwọ́ lù ú pọ̀ mọ́ wọn.”

“Ojú ẹsẹ̀ ni màá kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ báyìí, sà,” ni Simeon wí. “Ètò mi á fi orúkọ sí i fúnra rẹ̀.”

Sìkírátù délé, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìyá rẹ̀ na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí, ó ń wò ó.

“Sìkírátù, ṣé ká bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ni?”

“Wọn ò tíì fún mi ní lẹ́tà, màámi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni.”

“Ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Ṣé wọn ò tún ní kí ìwọ fọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́?”

“Rárá o. Ètò Simeon ló máa…” Sìkírátù nujú. “Màámi, ẹ jẹ́ ká má tíì di ẹrù.”

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Kánópì mẹ́rin, ẹgbẹ́ afọnfèrè Boys’ Brigade, àga onírọ̀rí fún àwọn àlejò. Wọ́n fi òdòdó yí òṣùwọ̀n Múdàṣírù ká, òun náà wọ aṣọ àdìrẹ, ó dúró tì í. Sìkírátù dúró lẹ́yìn pátápátá níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń kùn, nítorí pé wọ́n ti gbé àga rẹ̀ kúrò.

Olóyè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mi ò ní kó gbogbo rẹ̀ lé yín lórí, mo fẹ́ràn yín. Ó parí rẹ̀ báyìí:

“Kọmíṣọ́nnà wa ọ̀wọ́n! Ẹ̀rọ wa ò mọ àṣìṣe! Ẹ má wulẹ̀ fi kíkà da ojú yín láàmú. Látẹnu ẹ̀rọ, ó di ẹnu kálàmù yín!”

Ìyẹn gan-an ló bá Kọmíṣọ́nnà lára mu. Bó ṣe máa ń buwọ́ lùwé nìyẹn láti ọjọ́ tó ti dépò: kálàmù á wà lórí bébà, ojú á wà lára ayàwòrán. Ẹ̀rọ ń pariwo, bébà ń jáde, Títí ń já a, Kọmíṣọ́nnà ń buwọ́ lù ú, ó ń rẹ́rìn-ín sí fọ́tò. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé kan ló buwọ́ lù. Títí lu òǹtẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀ sínú mọ́tò ìjọba, ó di sẹkitéríàtì, torí Olóyè ti pàṣẹ pé kí wọ́n má fàkókò ṣòfò.

Olóyè wá mú lẹ́tà tó wà lókè pátápátá, ó gba máìkì.

“Ẹ gbọ́ bí àtúnlò ṣe ń sọ̀rọ̀! ‘Sí Olóyè Dókítà Díákónì Zacchaeus Kọ́lápọ̀, JP.’”

Ó dúró. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ o! Wọ́n fi pamọ́ fún mi! Ẹ wò ó, ìyàlẹ́nu ni wọ́n ṣe fún mi!” Ó fi áńkáṣífù nujú. “‘Lẹ́tà ìgbéga yín.’ Háà! ‘Inú ìjọba dùn láti fi tó yín létí pé…’”

Afọnfèrè fun fèrè díẹ̀ sí i.

“‘…pé iṣẹ́ yín lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba dópin lónìí. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mọ́tò àti kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì padà kí ẹ tó máa lọ.’”

Simeon pàtẹ́wọ́. Ó ti mọ́ ọn lára, kò lè ṣe é kó má pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni. Ó pa á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ ara rẹ̀.

Olóyè sọ lẹ́tà náà nù, ó mú òmíràn. Ó tún fẹ̀yìn tì. Ó mú ìkẹta, ó tún fẹ̀yìn tì. Ó fọwọ́ tú àárín rẹ̀, ó tú ìdí rẹ̀, kò sí ibi tó ṣí tí kò ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀ọ́dúnrún ìgbà ni wọ́n fẹ̀yìn ọkùnrin kan ṣoṣo tì láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo sì rò pé irú rẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́, bó ṣe wí nínú ìwé ìpè.

“Ó ku ẹyọ kan, sà,” ni Títí wí. Ọmọ náà ò mọ̀ pé kò yẹ kóun kà á, ó ti kà á: “‘Sí Olóyè Dókítà Díákónì Zacchaeus Kọ́lápọ̀, JP. Nítorí pé ẹ jẹ́ ọ̀tá àtúnlò, a lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kó jáde nínú fúláàtì yín ní Gowon Estate láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.’”

Lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, Sìkírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan tó ní orúkọ rẹ̀. Ayọ̀ ló mú un jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Olóyè yíjú sí Kọmíṣọ́nnà. “Àṣìṣe ni, sà! Ẹ fa gbogbo rẹ̀ ya! Ẹ ṣáà mọ̀ pé ńṣe lẹ kàn ń buwọ́ lù ú láì…”

“Láì kí ni?”

Ayàwòrán gan-an gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wálẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ sọ níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí pé èmi Kọmíṣọ́nnà máa ń buwọ́ lùwé tí mi ò kà?”

“Ẹ gbà mí o! Rárá, sà! Ẹ máa ń kà á, sà!”

“Mo ka èyí náà?”

“Ẹ… ẹ kà á, sà.”

“Gbogbo ọ̀ọ́dúnrún ó lé kan?”

“Ẹ kà á… ní àkàtúnkà, sà.”

“Ó dáa. Ó dìgbóṣe.” Kọmíṣọ́nnà yíjú sí Simeon. “Àwọn tó yẹ ká gbé ga ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa tún ètò yìí ṣe?”

Simeon ti yọ ọ̀já ọrùn rẹ̀, ó ti jókòó lé e lórí. “Ojú ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni mo dà á kọ sí, sà. A ní láti máa wá a níkọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́rin, sà, bí NEPA bá ṣojú àánú.”

“Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ yìí níbí ni?”

Múdàṣírù nawọ́ láti ìdí òṣùwọ̀n rẹ̀. “Obìnrin olódo yẹn wà lẹ́yìn, Alàgbà.”

Sìkírátù gbọn eruku kúrò lára ìró, ó bọ́ síwájú. Àwọn ètò rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ, kò pa wọ́n rẹ́. Kọmíṣọ́nnà fẹ́ fi hàn pé òun náà mọ nǹkan kan, ó ní orúkọ ìdílé lòun fẹ́ kó ṣáájú nínú gbogbo lẹ́tà, gbogbo irú méjèèjìlá. Sìkírátù jókòó. Ó yí ìlà kan padà nínú ogójì ìlà. Ó tẹ lẹ́tà kan jáde láti inú ètò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ní orúkọ ẹni tó ni ín, orúkọ ìdílé ló sì ṣáájú.

Múdàṣírù wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tọ̀hún, oṣù mẹ́rin. Olóyè, ohun tí ẹ ní kí n bá yín wọ̀n nìyẹn o. Mo ti wọ̀n ọ́n tán.”

Ó tú òdòdó kúrò lára òṣùwọ̀n.

Olóyè sún mọ́ Sìkírátù, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ọmọ mi dáadáa. Bá mi yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀.”

“Mo lè yọ ọ́ nínú kóòdù, sà,” ni Sìkírátù wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Èyí tó ti lọ sí sẹkitéríàtì ni apá mi ò ká.”

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi Sìkírátù ṣe olórí yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi Simeon sábẹ́ rẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Simeon ti wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Ọ̀gá mi sà! Oòrùn Ẹ̀gbẹ́dá!”

Obìnrin ló ń kí ní “sà” o! Kò tilẹ̀ pààrọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Sìkírátù gba báàgì rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ máa pa àwọn ojú ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá yẹn rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó sì máa kà á kó tó pa á.

Bébà kílò mọ́kànléláàádọ́rin àti gbogbo àwọn lẹ́tà tó ṣẹ́kù nílẹ̀, Múdàṣírù ló wá kó wọn. Kò tilẹ̀ wọ̀n wọ́n.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, Olóyè sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ìkòtún. Ìjọba ti gba mọ́tò, ẹsẹ̀ bàtà London rẹ̀ kan ti la ẹnu. Ebi ń pa á. Ó yà sọ́dọ̀ Wàsílátù tó ń sun bọ̀ọ̀lì létí títì, ó ra méjì. Wàsílátù fi bébà wé e fún un. Bó ṣe ń tú u, ó rí orúkọ kan. Ó tẹ́ bébà náà lórí itan. Olóyè Dókítà Díákónì Zacchaeus Kọ́lápọ̀, JP. Ó wo ọwọ́ àwọn tó dúró yí i ká, akọ́lé, ọlọ́kadà, àwọn ọmọ iléèwé. Gbogbo wọn ló mú un dání, gbogbo wọn ló ń fi í nu ẹnu.

“Ìyá, níbo lẹ ti rí bébà yìí?”

“Lọ́dọ̀ Múdàṣírù ni. Bébà gidi ni jàre, ó nípọn, kì í jẹ́ kí bọ̀ọ̀lì jó èèyàn lọ́wọ́. Gbogbo wa tí a wà ní òpópó yìí ló ń lò ó.” Wàsílátù fẹ́ iná. “Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, a ò wá bébà kiri mọ́. Kò sì lè tán bọ̀rọ̀.”

Olóyè ṣẹ́ bébà náà wẹ́rẹ́, ó fi sí àpò àyà. Ó jẹ bọ̀ọ̀lì díẹ̀, ó rò ó, ó wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀:

“Ìyá, kílò mélòó ló kù?”